Ooru ló ń pa Jaguar XJ-S, kì í ṣe ọjọ́ orí

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí ẹ̀yin òǹkàwé ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Jaguar XJ-S tó ń lọ lójú ìwé lẹ́tà yín ló mú mi kọ̀wé. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó dá sí i ń sọ: pé ẹ́ńjìnnì sílíńdà 12 yẹn kò ṣeé fọkàn tán, pé ẹni tó bá rà á, gbèsè ló fowó ara rẹ̀ rà. Gbèsè lè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń nàka sí kọ́ ló ti ń wá. Irin ẹ́ńjìnnì yẹn le dáadáa. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ooru tí kò rí ọ̀nà jáde, pẹ̀lú rọ́bà, wáyà àti gíríìsì tí ooru náà ti yan gbẹ. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní í kun ọkọ̀ lọ́dà, kó tún rán àwọ̀ ìjókòó tuntun sí i tán, kó tó wá mọ̀ pé orí ẹ́ńjìnnì ti wọ́.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1975 ni Jaguar gbé XJ-S jáde. Coventry, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ilé-iṣẹ́ wọn ní Browns Lane, ni wọ́n ti ń tò ó, wọn ò sì dáwọ́ dúró títí di ọdún 1996, nígbà tí wọ́n ti ṣe ju 115,000 lọ. Kì í ṣe ọkọ̀ ìdíje. Ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn ni, tí èèyàn méjì á jókòó sí láti Lọ́ńdọ̀nù títí dé gúúsù Faransé tí kò ní í rẹ̀ wọ́n. Ẹ́ńjìnnì 5,343 cc tó wà nínú rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde nínú Jaguar mìíràn, E-Type, lọ́dún 1971. Àwọn tó jáde kí oṣù keje ọdún 1981 tó pé la ń pè ní pre-HE. Láti ìgbà náà ni HE (High Efficiency) ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orí tuntun tí Michael May, ará Switzerland, ṣe ètò rẹ̀ kí ọkọ̀ má baà máa mu epo bí èyí àkọ́kọ́. Ọdún 1983 ni sílíńdà 6 dé. Lọ́dún 1991 wọ́n tún ara rẹ̀ ṣe, wọ́n sì yọ àmì àárín orúkọ náà, ó di XJS. Lọ́dún 1993, sílíńdà 12 di lítà 6.0. Lítà 5.3 ni mo máa bá fà á jù nínú lẹ́tà yìí, nítorí òun làwọn èèyàn ń bẹ̀rù.

Omi ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Bíi lítà 21 ló ń yí po nínú ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Aluminium ni blọ́ọ̀kù, aluminium ni orí méjèèjì, kò sì sí ohun tí aluminium kórìíra tó kí omi hó lé e lórí. Bí ó bá gbóná kọjá ààlà, àwọn òrùka irin tí fáàfù ń jókòó lé á tú nínú orí, ọ̀kan á já bọ́ sórí písítìn, ó parí nìyẹn. Títú orí yẹn sílẹ̀ kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan: àwọn bóòtì gígùn tó dè é mọ́lẹ̀ máa ń dípẹtà mọ́ aluminium, orí á kọ̀, kò ní í gòkè. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n sọ nù, ibi orí tó kọ̀ yìí ni wọ́n ti rẹ̀wẹ̀sì lórí rẹ̀.

Rédíétọ̀ wà lẹ́yìn kọ́ńdẹ́ńsà ẹ̀rọ amúlétutù. Ewé, eruku àti kòkòrò máa ń wọ àárín àwọn méjèèjì, wọ́n á jókòó sísàlẹ̀, ẹ ò sì lè rí wọn láti iwájú. Ẹ tú irin tó dá rédíétọ̀ dúró lókè, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Bí ẹ bá rí ìdọ̀tí, àtẹ̀yìn ni kí ẹ ti fẹ́ ẹ jáde síwájú. Ẹni tó bá fi họ́ọ̀sì omi tú u láti iwájú, ńṣe ló tún ń tì í wọlé sí i. Àwọn fóòmù dúdú tó yí etí rédíétọ̀ po kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn ló ń fipá mú afẹ́fẹ́ gba inú rédíétọ̀ kọjá. Bí wọ́n bá ti jẹrà dànù, afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ara ẹ́ńjìnnì á máa yí padà wá síwájú, fáànù á máa fẹ́ ooru kan náà tó ti fẹ́ tẹ́lẹ̀. Fún inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná dáadáa, ẹ wá fi ẹ̀rọ tó ń ka ooru láti òkèèrè yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí òkè bá gbóná tí ìsàlẹ̀ tutù bí ilẹ̀, àwọn ọ̀nà omi ìsàlẹ̀ ti dí. Kò sí oògùn tí ẹ máa dà sínú rẹ̀ tó máa là á. Ẹ gbé e fún ẹni tó ń ṣe rédíétọ̀ kó pààrọ̀ inú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe yọ tẹ́mósítáàtì, ohun tó ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ fún omi nígbà tó bá gbóná. Mo mọ̀ pé nílé, ní Nàìjíríà, ohun àkọ́kọ́ tí mẹkáníìkì máa ń ṣe fún ọkọ̀ tó ń gbóná nìyẹn, ọkọ̀ mìíràn sì wà tó máa gbà á fún un. V12, ìyẹn sílíńdà 12 yìí, kò gbà. Tẹ́mósítáàtì méjì ló ní, ọ̀kan níwájú orí kọ̀ọ̀kan, ìkọ̀ọ̀kan sì ní àwo pẹlẹbẹ kan nídìí. Bí tẹ́mósítáàtì bá ṣe ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, àwo yẹn ló ń ti ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà padà sí pọ́ǹpù. Tí ẹ bá yọ ọ́ dànù, ọ̀nà àbùjá á ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi gbígbóná á máa padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá ra èyí tí kò ní àwo nídìí nítorí pé ó dín lówó. Èyí tó ń ṣí ní ìwọ̀n 82 Celsius ni kí ẹ lò níbi tí oòrùn bá ti mú. Pín-ìn-nì kékeré tó ń mì lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè pátápátá, nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde.

Àìmọ̀ọ́rọmisí náà ti pa púpọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá há sínú orí kan, omi kò ní í débẹ̀, bẹ́ẹ̀ géèjì á máa fọ́nnu pé ara ń dá. Ẹ fi jáàkì gbé imú ọkọ̀ sókè kó ga ju ìdí lọ. Ẹ yí híìtà sí gbígbóná pátápátá. Ìdérí méjì ló wà: ọ̀kan lórí páìpù tó so orí méjèèjì pọ̀ níwájú ẹ́ńjìnnì, èkejì lórí táǹkì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ṣí méjèèjì, ẹ máa rọ omi díẹ̀díẹ̀ sí ti iwájú títí yóò fi kún dé ẹnu, ẹ dé e, kí ẹ wá rọ sí táǹkì kékeré. Ẹ ta ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó wà ní sìlóò, kí ẹ máa fọwọ́ fún àwọn họ́ọ̀sì ńlá. Afẹ́fẹ́ á máa hó jáde, omi á máa lọ sílẹ̀, ẹ máa fi kún un. Nígbà tí ooru bá dé rédíétọ̀, tẹ́mósítáàtì ti ṣí nìyẹn, ẹ lè dé ìdérí kejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó ta á, ẹ tún ṣí i wò. Yóò ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ìdérí méjèèjì kì í ṣe irú kan náà, ti táǹkì kékeré ló ń dá ìfúnpá dúró, ẹ má fi ọ̀kan dípò èkejì.

Ìdajì omi, ìdajì kúláǹtì tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó wà fún aluminium. Omi distilled ni mo wí, kì í ṣe omi kànga tàbí ti borehole, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ ló ń di ẹrẹ̀ tó ń dí rédíétọ̀. Ọdún méjì-méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bí omi náà bá tilẹ̀ ṣì mọ́ lójú.

Fáànù ńlá iwájú ń bá ẹ́ńjìnnì yí, èyí tó ń lo iná ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ẹ pa á, kí ẹ fọwọ́ yí fáànù ńlá: ó gbọ́dọ̀ wúwo lọ́wọ́ kó sì dúró kíákíá. Bó bá ń yí gbirigbiri, ìdè tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì ti kú. Bí fáànù náà bá jẹ́ rọ́bà aláwọ̀ ìyeyè tó bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́, ẹ yọ ọ́ lónìí. Ó ti gbẹ, ó sì lè fọ́ nígbà tó bá ń yí, kó fi àfọ́kù gún rédíétọ̀ àti bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ géèjì kù díẹ̀. Ara omi ni ohun tó ń ka ooru ti ń kà á. Bí omi bá ti tán níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń kà, abẹ́rẹ́ á sì jábọ́. Nítorí náà, bí abẹ́rẹ́ ooru bá ṣàdédé lọ sílẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ má dúpẹ́. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ẹ pa á.

Mo ti sọ̀rọ̀ omi tó. Ṣùgbọ́n ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀ lọ: XJ-S tí wọ́n ti pààrọ̀ rédíétọ̀, pọ́ǹpù àti fáànù fún tí kò yé gbóná, disitiríbútọ̀, ohun tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, ló máa ń ṣe é. Àárín orí méjèèjì ni wọ́n gbé e sí, nínú ooru gan-an. Inú rẹ̀ ni irin kéékèèké méjì wà pẹ̀lú sípíríǹgì, tí eré ẹ́ńjìnnì ń tì síta kí iná púlọ́ọ̀gì lè máa tètè ṣẹ́ bí eré ṣe ń pọ̀ sí i. Ooru á yan gíríìsì tó wà níbẹ̀ di ọ̀dà, irin yẹn á há, iná á máa pẹ́ kó tó ṣẹ́. Epo á wá máa jó nígbà tí fáàfù ti ń ṣí, iná náà á bọ́ sínú sàlẹ́ńsà, ooru á padà sínú omi, ọkọ̀ á sì máa mu epo láìní agbára. Yíyẹ̀ ẹ́ wò kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí ìdérí disitiríbútọ̀, ẹ fi ìka méjì di rotor, èyí tó ń yí nínú rẹ̀, mú kí ẹ lọ́ ọ sí ibi tó ń yí sí. Ó gbọ́dọ̀ lọ díẹ̀, kó sì fúnra rẹ̀ ta padà nígbà tí ẹ bá fi sílẹ̀. Bí kò bá lọ, tàbí tó lọ tí kò padà, ẹ tú disitiríbútọ̀ jáde, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi gíríìsì tuntun sí i. Lẹ́yìn náà, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ṣe sáfíìsì, ẹ yọ rotor kí ẹ kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bíi ẹ̀kán mẹ́ta sórí aṣọ kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tún fi ẹnu fa họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ ẹ̀gbẹ́ disitiríbútọ̀; bí afẹ́fẹ́ bá ń gba ibẹ̀ wọlé láìdúró, awọ inú rẹ̀ ti ya.

Púlọ́ọ̀gì 12 ni. Fún HE, NGK BR7EF ni, àlàfo ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà 0.6. Kò ní wáṣà. Ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, òun fúnra rẹ̀ ló ń dí ihò náà. Nítorí náà ẹ fi ọwọ́ dè é títí dé ìdí, kí ẹ wá fi sípánà fún un díẹ̀ péré. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára fún un á fa okùn ihò aluminium jáde. Èyí tó ń bí èèyàn nínú jù ni 1A, níwájú lápá ọ̀tún, lábẹ́ kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ amúlétutù. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń pààrọ̀ 11, wọ́n á fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ra XJ-S, ẹ kọ́kọ́ yọ 1A wò, á sọ irú ọwọ́ tí ọkọ̀ náà ti kọjá fún yín. Bí ẹ bá dúró sẹ́yìn ọkọ̀ tí ẹ kọjú síwájú, A ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, B ni òsì, iwájú sì ni a ti ń ka nọ́ńbà. Bí iná ṣe ń ṣẹ́ tẹ̀lé ara wọn nìyí: 1A, 6B, 5A, 2B, 3A, 4B, 6A, 1B, 2A, 5B, 4A, 3B. Ẹ kọ ọ́ sára páálí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé ẹ́ńjìnnì sílíńdà 12 kì í ké bí ó bá ń ṣàìsàn. Bí sílíńdà kan bá kú nínú mẹ́rin, gbogbo ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Bí kan bá kú nínú 12, owó onírin ṣì lè dúró lóòró lórí ẹ́ńjìnnì, epo tí kò jó á sì máa bọ́ sínú sàlẹ́ńsà. Ó wá burú jù nínú àwọn XJ-S tó ń lo ètò ìpíniná Marelli, ìyẹn láti àárín ọdún 1989. Ọ̀nà méjì ni Marelli pín iná sí, sílíńdà mẹ́fà-mẹ́fà. Bí rotor tàbí ìdérí bá jó, mẹ́fà á kú lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́fà yòókù á sì máa wa ọkọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Epo sílíńdà mẹ́fà tí kò jó á lọ kún catalyst, agolo tó ń sẹ́ èéfín lábẹ́ ọkọ̀, á pọ́n bí irin inú ẹwìrì, kápẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀ sì lè gbiná. Bí agbára ọkọ̀ bá dínkù sí ìdajì lójijì, ẹ má rọra wà á délé. Ẹ pa á níbẹ̀, ẹ pe ẹni tó máa gbé e. Rotor àti ìdérí Marelli kì í ṣe ohun tí à ń dúró kó bàjẹ́ ká tó pààrọ̀.

Iná tún wà níbòmíràn. Họ́ọ̀sì kúkúrú tó gbé epo dé ẹnu injẹ́tọ̀, ohun tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, jẹ́ 12, gbogbo wọn ló sì nà sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Nígbà tí ẹ bá pa ọkọ̀ tí fáànù dúró ni ooru tó ń bá wọn jà máa ń pọ̀ jù. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ wọ́n: bí ọ̀kan bá le bí igi, tàbí tí ẹ rí ìlà wẹ́wẹ́ lára rẹ̀, gbogbo wọn ló ti lọ. Ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn pa pọ̀, pẹ̀lú àwọn tó so páìpù epo mọ́ra. Họ́ọ̀sì tí wọ́n tẹ SAE J30 R9 sí lára ni kí ẹ rà. R6 tó pọ̀ lọ́jà wà fún kabúrétọ̀ tí ìfúnpá epo rẹ̀ kéré. Kò lè gbé ti injẹ́tọ̀. Kílíìpù tí inú rẹ̀ dán ni kí ẹ fi dè é, nítorí èyí tó ní eyín máa ń gé rọ́bà. Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ wo wáyà injẹ́tọ̀ náà. Ìbòrí rẹ̀ máa ń wó bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, rìwáyà tó mọṣẹ́ lè fi wáyà tó ń gba ooru ṣe òmíràn. Lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó tán, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kí pọ́ǹpù fa epo, ẹ má tíì ta á, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo ojú ìdè.

Epo tí ẹ̀ ń rà ṣe pàtàkì. Ní Bìrìtéènì, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, E10 ni epo lásán ní ilé epo, ethanol, irú ọtí kan tó wà nínú rẹ̀, sì ń jẹ rọ́bà àtijọ́. E5, èyí tó wọ́n, tí ìwọ̀n octane rẹ̀ jẹ́ 97 sókè, ni kí ẹ rà. Kì í ṣe nítorí rọ́bà nìkan: ìfúnpọ̀ inú HE tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù jẹ́ 12.5 sí 1, 97 ni wọ́n sì bá a dá. Ibí yìí ni ẹni tó fẹ́ gbé e lọ sílé gbọ́dọ̀ ti fetí sílẹ̀. Epo Nàìjíríà kò dé 97. HE á máa tò tí-tí-tí bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gòkè, ìyẹn sì ń gún písítìn. Bí ẹ bá fa táímìnì (ìgbà tí iná púlọ́ọ̀gì ń ṣẹ́) sẹ́yìn kó lè dákẹ́, ẹ ti padà síbi ooru tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nídìí disitiríbútọ̀. Ní tèmi, ẹni tó bá fẹ́ máa gbé XJ-S la Èkó kọjá lójoojúmọ́, sílíńdà 6 lítà 4.0 ni kó wá. Ìfúnpọ̀ rẹ̀ kò ga tó bẹ́ẹ̀, àyè pọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ mẹkáníìkì sì ń wọlé. Ẹni tó bá sọ pé sílíńdà 12 náà ni dandan, kó wá pre-HE.

Ohun méjì wà ní búùtù tí àwọn mẹkáníìkì kì í rántí. Yàtọ̀ sí táǹkì ńlá tó ń gba bíi lítà 91, táǹkì kékeré kan wà nísàlẹ̀ tí pọ́ǹpù ti ń fa epo, asẹ́ kan sì wà nínú rẹ̀. Bí ìpẹtà bá dí asẹ́ yẹn, ọkọ̀ á máa ṣe dáadáa nílùú. Bó bá dé ojú ọ̀nà márosẹ̀ tí ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, á rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí epo tán fún. Wọ́n á pààrọ̀ pọ́ǹpù méjì kó tó yé wọn. Èkejì ni brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí epo, tó wà ní búùtù yẹn kan náà, tí họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbé agbára ìfàmọ́ra wá fún láti ara ẹ́ńjìnnì. Bí họ́ọ̀sì náà bá yọ tàbí ó sán, brain box á rò pé ẹ ti tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ tán, á sì máa da epo. Èéfín dúdú lẹ́yìn ọkọ̀, òórùn epo, púlọ́ọ̀gì dúdú kirikiri: họ́ọ̀sì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ó dín lówó ju brain box lọ.

Ọ́ìlì rẹ̀ tó bíi lítà 10, 20W-50, ẹ má gbìyànjú láti fi lítà 4 tí ẹ rà fún Corolla ṣe é. Bí géèjì ọ́ìlì bá ń sọ̀rọ̀ tí kò yé yín, ẹ fi géèjì ọwọ́ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó tú ohunkóhun, nítorí ohun tó ń kà á lára ẹ́ńjìnnì kì í pẹ́ bàjẹ́. Jíà TH400 ti ilé-iṣẹ́ GM tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 1977 kò ní wàhálà; bí ọ́ìlì jíà bá ń dínkù tí kò jò sílẹ̀ tí èéfín funfun sì ń jáde, awọ modulator, ohun tó ń bá jíà mọ agbára ẹ́ńjìnnì, ti ya, ẹ́ńjìnnì ló ń fà á mu.

Ní ìdí ọkọ̀, títí di ọdún 1993, bíréèkì ẹ̀yìn kò sí lẹ́bàá táyà. Ẹ̀gbẹ́ difẹrẹ́ńṣà, àpótí jíà ẹ̀yìn, ni wọ́n gbé e sí, láàárín ọkọ̀ gan-an. Ẹni tó bá ń fi bíréèkì ọwọ́ tó ti há rìn, ooru dísíìkì á yan rọ́bà tó dí ọ́ìlì difẹrẹ́ńṣà mọ́lẹ̀, ọ́ìlì á bọ́ sórí dísíìkì, ọkọ̀ kò sì ní í dúró. Àtúnṣe rẹ̀ wọ́n, torí pé gbogbo férémù ẹ̀yìn lẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ máa fi ọwọ́ wo abẹ́ difẹrẹ́ńṣà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé e sókè. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó wà fún limited slip ni kí ẹ rọ sí i. Gbogbo ojú gíríìsì ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ rí gíríìsì ní 10,000 kìlómítà-kìlómítà: ti ọ̀pá tó ń yí táyà, lọ́tùn-ún lósì, àti ti ìsàlẹ̀ ibi tí táyà dúró sí. Ọ̀pá yẹn ló tún di ẹsẹ̀ mú lókè, nítorí náà bí kíróòsì (oríkèé) rẹ̀ bá jẹ, táyà á dagun.

Ìpẹtà ni ẹ̀bi òtútù àti iyọ̀ ojú ọ̀nà Bìrìtéènì. Ẹ má wo ẹnu ilẹ̀kùn nìkan. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, níwájú táyà ẹ̀yìn, níbi tí apá irin gígùn kan ti so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ fi sukudiráfà gún un. Bó bá wọlé, ẹ fi owó yín sápò tàbí kí ẹ yọ owó wẹ́dà kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wo irin abẹ́ rédíétọ̀ àti abẹ́ bátìrì ní búùtù, tí ásíìdì ń jẹ.

Fún ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun kan tún wà tó kan àpò. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni ULEZ, agbègbè tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ ti ń sanwó, ti gba gbogbo Lọ́ńdọ̀nù, £12.50 sì ni ọkọ̀ bẹntiróòlù tí kò dé ìwọ̀n Euro 4 ń san ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá rìn. Wọn kò ṣe XJ-S kankan fún ìwọ̀n yẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá ti pé 40 ọdún, tí ẹ sì ti lọ yí ìwé rẹ̀ padà sí historic (ọkọ̀ àtijọ́) ní DVLA, ilé-iṣẹ́ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kò san ULEZ, kò san owó orí ọkọ̀, òfin kò sì fi dandan mú un lọ fún MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún. Kì í fúnra rẹ̀ yí padà o, ẹ̀yin lẹ máa bèèrè fún un. Nítorí náà kí ẹ tó sanwó fún èyíkéyìí, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lára V5C, ìwé ọkọ̀ náà. Ẹ sì ṣì máa gbé e lọ fún MOT náà lọ́dọọdún, kí ẹlòmíràn lè bá yín wo abẹ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Mẹkáníìkì kan, Woolwich, Lọ́ńdọ̀nù